Ìdí tí 1,000,003 kò fi ṣeé pín

Àádọ́ta ọ̀kẹ́, ìyẹn 1,000,000, kò ní àdììtú kan lára. Ẹ kó 2 mẹ́fà àti 5 mẹ́fà jọ, kí ẹ sọ gbogbo wọn di púpọ̀, òun náà nìyẹn. Nọ́ńbà 49 ló lè pín in láìṣẹ́kù, bẹ́ẹ̀ 999,999 tí kò tó o ní 64. Òdo tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ló ń jẹ́ kó ní iyì lójú wa. Èyí tó dùn ún yẹ̀ wò ni aládùúgbò rẹ̀, 1,000,003.

Prime ni: àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́ńbà tó lè pín in kó má ṣẹ́kù. Ìrísí kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n o. 1,000,001 náà jọ prime, ṣùgbọ́n 101 wà nínú rẹ̀ lọ́nà 9,901.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni bí wọ́n ṣe máa ń sọ pé dandan ni ká fi 2, 3, 4 pín in títí dé 1,000,002. Iṣẹ́ àṣedànù gbáà ni. Ẹ wo ọlọ́sàn kan ní ọjà Bódìjà tó fẹ́ to ọsàn 1,000,003 ní ìlà-ìlà, kí gbogbo ìlà dọ́gba, kí ẹyọ kan má ṣẹ́kù. Bí ìlà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ọsàn inú ìlà kọ̀ọ̀kan ń dín kù. Ìlà 1,000 á gba ọsàn 1,000 lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ mẹ́ta á ṣẹ́kù. Tí ìlà bá wá ju 1,000 lọ, ọsàn inú ìlà kan kò ní tó 1,000 mọ́. Kí ọlọ́sàn yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì àtẹ náà, kó tún un kà: ohun tó ti dán wò tẹ́lẹ̀ ló tún ń wò yẹn. Nítorí náà, 1,000 ni òpin.

Kò tilẹ̀ yẹ ká gbìyànjú gbogbo wọn. Èyí tí 2 bá kọ̀, 4 àti 6 kò lè gbà á. Àwọn prime tó wà nísàlẹ̀ 1,000 nìkan ló kù, 168 sì ni wọ́n. Òmíràn kò fẹ́ bírò rárá: 7, 11, 13 àti 37 ló ń pín 999,999 láìṣẹ́kù, torí náà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn á ṣẹ́ 4 kù lára 1,000,003. 997 ló kẹ́yìn, ó ṣẹ́ 12 kù. Ó tán.

Ìlà kan ṣoṣo ló kù fún ọlọ́sàn wa. Bí ọsàn kan bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, ìlà ọ̀hún á jáde n'Íbàdàn, á gba Mọ́níyà, á gba Fìdítì, á sì la ìlú Ọ̀yọ́ kọjá, torí kìlómítà 70 ni.

Àlébù ọ̀nà yìí ni pé dígíìtì méjì tí ẹ bá fi kún nọ́ńbà, ìlọ́po mẹ́wàá ni òpin yẹn ń sún síwájú. Àlébù yìí gan-an ni Rivest, Shamir àti Adleman, àwọn onímọ̀ mẹ́ta tó ń wá ọ̀nà láti fi ọ̀rọ̀ àṣírí pamọ́, sọ di àǹfààní ní 1977: wọ́n sọ prime ńlá méjì di púpọ̀, èsì rẹ̀ sì di ohun tí gbogbo ayé lè rí láìmọ àwọn méjèèjì tó bí i. Tí èsì náà bá ní dígíìtì 600, òpin ìwádìí wa á ní dígíìtì 300, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó lè fi ọ̀nà ọlọ́sàn dé ibẹ̀.