Ta Ni Yóò Bá Ìyá Rẹ Ta Ata?

Ọmọbìnrin kan mú ìwé gbàràgàdà kan wá bá mi ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Táìmù-tébù ìwé kíkà fún ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni. Bírò pupa àti búlúù ló fi kọ ọ́, ó sì fi rúlà falà sí i. Aago mẹ́rin ìdájí, Báyọ́lọ́jì. Aago mẹ́fà, Kẹ́mísìrì. Bẹ́ẹ̀ ló tò ó títí dé aago mọ́kànlá alẹ́. Mo ka wákàtí tó wà níbẹ̀, ó jẹ́ mẹ́rìnlá.

Mo bi í pé, "Ta ni yóò wá máa bá ìyá rẹ ta ata ní Ìgbọ́nà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, èmi náà ni."

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọjọ́ tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ Òṣogbo tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ìwé. Púpọ̀ nínú wọn ló mọ̀wé. Àkókò tí wọn ò ní ni wọ́n ń pín.

Nítorí náà, ẹ má tíì fa ilà kankan. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kàn máa kọ ibi tí wákàtí yín ń gbà lọ sílẹ̀: omi pípọn, ọjà, alẹ́ tí NEPA mú iná lọ, ọ̀rẹ́ tó yà, fóònù (ẹ má purọ́ nípa ti fóònù o). Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni tiyín. Nígbà tí ọmọ yìí ṣe é, wákàtí kan ààbọ̀ ló rí ní ìdájí kó tó gbálẹ̀, ó tún rí wákàtí kan ààbọ̀ lálẹ́. Mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, 18 nìyẹn. Ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ 12. Ó fi fóònù rò ó, ó bá 216. Ẹnu yà á. Ọjọ́ keje, mo ní kó fi í sílẹ̀ lófìfo, torí ibà yóò dé, ìnáwó ẹbí yóò dé, ọdún Ọ̀ṣun náà ń bọ̀ ní Oṣù Kẹjọ.

Ẹ mọ̀ pé kírẹ́díìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísìrì àti Físíìsì, ní ìjókòó tí kò ju méjì lọ. Ní JAMB, ẹ yọ Ìṣirò kúrò, ó ku mẹ́rin. Nígbà tí èmi kọ́kọ́ dán an wò, Báyọ́lọ́jì ni mo kà ṣáá, torí ó dùn mọ́ mi. Mo ń yẹra fún Físíìsì bí onígbèsè ṣe ń yẹra fún olówó. Yàrá ìdánwò la ti wá pàdé. Orúkọ mi ò jáde lọ́dún yẹn.

Iṣẹ́ tó bá ń dẹ́rù bà yín ni kí ẹ fún ní ìdájí, nígbà tí ọpọlọ ṣì jí pépé. Físíìsì gan-an kò jìnnà sí iṣẹ́ wa. Tí wọ́n bá ní kí ẹ wá pressure, ìyẹn agbára tí a pín fún ìwọ̀n ojú ibi tó tẹ̀, ẹ rántí abẹ́rẹ́: ẹnu rẹ̀ kéré gan-an, ìdí nìyẹn tí ìka méjì péré fi ń tì í wọ inú ẹran ara.

Mo ní kí ọmọ yìí pa ìwé dé, kó mú mi tẹ̀lé ẹ̀jẹ̀ gba inú ọkàn kọjá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló ti ka orí yẹn. Ó ní right atrium (yàrá òkè lápá ọ̀tún ọkàn), ó ní right ventricle (yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀), ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Pulmonary vein?" Rárá o. Pulmonary artery, iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ kúrò nínú ọkàn, ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn rẹ̀ ti dín kù lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Vein, iṣan tó ń kó ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, ló ń gbé èyí tó ti gba ọ́síjìn bọ̀ wá sí left atrium (yàrá òkè lápá òsì). Wọ́n ti há a sórí pé artery ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn, ibẹ̀ sì ni olùdánwò ń dẹ pàkúté sí. Ó yí táìmù-tébù rẹ̀ dójú dé, ó ya ọkàn sẹ́yìn rẹ̀ láìwo ìwé. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó gbà á. Mo ní kó tún un yà lọ́la, kó tún un yà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì kan tó ti fi ara rẹ̀ dán an wò, fi hàn bí ohun tí a há sórí ṣe ń tètè sá lọ.

Nínú ọjà, ẹ má gbé ìwé ńlá jáde. Oníbàárà tó ń ná ata kò ní dúró de Kẹ́mísìrì. Ègé páálí kéékèèké ló tó: ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn, ìbéèrè àtijọ́ ni, pẹ̀lú aago. JAMB ń béèrè ìbéèrè 180 láàárín wákàtí méjì. Ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe é, nítorí náà ẹni tí kò tíì di máòsì mú rí, kó tètè wá ibi tí yóò ti kọ́ ọ.

Àwọn tó ń ki ẹsẹ̀ bọ omi tútù kí oorun má baà gbé wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́. Inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà jọ. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ òru mọ bí orí ṣe ń rí ní aago mẹ́ta ìdájí.

Kó tó lọ, ó kọ táìmù-tébù mìíràn sórí bébà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo yà ra ata lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ègé páálí wà lábẹ́ abọ́ tí wọ́n fi ń wọn ata. Ìyá rẹ̀ ń já ìdí ata, kò gbójú sókè tó fi bi ọmọ rẹ̀ pé:

"Ẹ̀jẹ̀ ti dé ibo báyìí?"