Ẹ̀rọ Téèpù Tí Kò Hàn Láàárín Àwọn Díìsìkì Kò Bàjẹ́

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo Linux gbàgbọ́ pé bí wọ́n bá so ẹ̀rọ téèpù mọ́ kọ̀ǹpútà láti ìta, tí wọn kò rí i nínú ohun tí àṣẹ lsblk kó jáde, tí àṣẹ mount, tí a fi ń ṣí ohun ìpamọ́ bíi fódà, náà sì kọ̀ ọ́, a jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò dá a mọ̀, tàbí pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì lè mú kí ènìyàn pa ẹ̀rọ tí ó yè kooro tì.

Díìsìkì àti fúláàṣì ni lsblk ń kà, ìyẹn àwọn ohun ìpamọ́ tí a lè kọ nǹkan sí ibikíbi lára wọn nígbàkígbà. Téèpù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ sí òpin ni a ti ń kọ ọ́, tí a sì ń kà á. Ìdí nìyẹn tí Linux fi yà á sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí character device, ìyẹn ẹ̀rọ tí kì í ṣe irú díìsìkì, pẹ̀lú orúkọ bíi /dev/st0 àti /dev/nst0. LTFS, ìlànà ìto-fáìlì fún téèpù, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú LTO-5 (ìran karùn-ún téèpù LTO) ní 2010, lè mú kí téèpù hàn bíi fódà, ṣùgbọ́n ètò tirẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi ṣe é.

Àṣẹ tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ lò ni lsscsi -g, tí ń to àwọn ẹ̀rọ SCSI tí kọ̀ǹpútà rí. Bí a bá rí «tape» lórí ìlà kan níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ti rí ẹ̀rọ náà. Bí ó bá jẹ́ àmì dáàṣì ni ó wà níbi tí ó yẹ kí /dev/st0 wà, ó ṣeé ṣe kí driver st, ìyẹn ètò tí Linux fi ń darí téèpù, má tíì wọlé; kí a pàṣẹ modprobe st láti mú un wọlé. Bí kò bá sí ìlà kankan rárá, ìgbà yẹn ni kí a tó yẹ wáyà, iná àti káàdì tí a so ó mọ́ wò, nítorí ọ̀pọ̀ káàdì RAID, tí ń so díìsìkì púpọ̀ pọ̀, kì í fi ẹ̀rọ téèpù han Linux.

Lẹ́yìn èyí, kí a lo mt -f /dev/nst0 status, láti bi ẹ̀rọ náà bí ó ṣe wà. DR_OPEN túmọ̀ sí pé kò sí téèpù nínú ẹ̀rọ, «Permission denied» sì túmọ̀ sí pé a kò fún ẹni tó pàṣẹ láyè, bóyá nítorí pé kò sí nínú ẹgbẹ́ tape. Èyíkéyìí nínú méjèèjì tí a bá rí, kọ̀ǹpútà ti dá ẹ̀rọ náà mọ̀.

Ibi tí fífi ojú díìsìkì wo téèpù ti ń ṣe ìpalára jù lọ ni ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá fi tar, ètò tí ń kó fáìlì pọ̀ sójú kan, kọ ẹ̀dà ìpamọ́ sí /dev/st0, téèpù yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ ní kété tí tar bá parí, ẹ̀dà kejì tí a bá kọ lẹ́yìn náà yóò sì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀ láìsí ìkìlọ̀ kankan. Ẹni tó gbàgbọ́ pé fáìlì méjì yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bíi ti díìsìkì kò ní mọ̀ títí di ọjọ́ tí ó bá nílò ẹ̀dà àtijọ́. /dev/nst0 kì í dá téèpù padà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá tún ti téèpù bọ ẹ̀rọ, ìbẹ̀rẹ̀ ni yóò wà, nítorí náà kí a kọ́kọ́ pàṣẹ mt -f /dev/nst0 eod, kí téèpù yí dé ibi tí àkọsílẹ̀ ti parí, kí a tó wá pe tar.