Kí Ló Dé Tí Àṣìṣe Ẹlòmíràn Fi Ń Jẹ́ Ìwà, Tí Tiwa Sì Ń Jẹ́ Àkóbá?

Ìbéèrè: Bí mo bá pẹ́ dé ìpàdé, mo máa ń ní sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ ni, bí ẹlòmíràn bá pẹ́, mo máa ń ní kò ka nǹkan sí ni. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ibi tí ojú kọ sí ló fà á jù lọ. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ rí tírélà tó dábùú títì, ó sì mọ̀ pé òun ti jí kí àkùkọ tó kọ. Ẹni tó ti jókòó sí ìpàdé kò rí ọ̀kankan nínú wọn, àga òfìfo ló ń wò. Ní 1973, Michael Storms, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ní kí àwọn tí kò mọra rí jọ sọ̀rọ̀, ó ká wọn sínú fídíò, ó sì jẹ́ kí àwọn kan wo ara wọn láti ibi tí ẹnìkejì wọn ti ń wò wọ́n. Àwọn wọ̀nyí tọ́ka sí ìwà ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìdí ọ̀rọ̀ ju àwọn tí kò rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìbéèrè: Bí a bá mọ̀ pé dandan ni wọ́n fi mú ẹni náà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ní 1967, Edward Jones àti Victor Harris fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àròkọ lórí Fidel Castro, olórí Cuba nígbà náà, kà, wọ́n sì sọ fún àwọn kan gbangba pé ẹni tó kọ ọ́ kò yan ìhà fúnra rẹ̀, wọ́n yàn án fún un ni. Síbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ṣì gbà pé ẹni tó gbè sẹ́yìn Castro fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni tó takò ó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń pe akọ̀wé tó ní ká padà wá lọ́la ní òǹrorò, bí a tilẹ̀ gbọ́ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ pàṣẹ. Ní 1977, Lee Ross sọ èyí ní àṣìṣe ìpìlẹ̀, ìyẹn ni pé a máa ń fi ìwà ẹni ṣàlàyé ohun tí ipò tó wà fà.

Ìbéèrè: Ṣé bákan náà ni níbi gbogbo?

Ìdáhùn: Rárá. Ní 1984, Joan Miller rí i pé àwọn àgbàlagbà ní Mysore, ní Íńdíà, ń tọ́ka sí ipò àti ojúṣe ènìyàn ju àwọn ará Amẹ́ríkà lọ, àmọ́ ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan láàárín àwọn ọmọ ọdún 8. A jẹ́ pé bí a ṣe ń dàgbà la ń kọ́ ọ.