Bí o kò bá lọ lọ́la, ta ni yóò béèrè rẹ?

Bí ọmọ bá já kúrò ní yunifásítì, ohun tí ará ilé kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí. Èmi tí mo ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn níbí ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ọjọ́ ti pẹ́, mi ò gbà. Ọmọ tó gba BAC, ìwé ẹ̀rí àṣejáde girama, ìwé ti wọ̀ ọ́ lórí ná. Ìbéèrè tèmi ni pé: "Bí o kò bá lọ sí kíláàsì lọ́la, ta ni yóò béèrè rẹ?"

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kan jókòó síwájú mi lẹ́yìn ọdún tuntun. Ó tú báàgì rẹ̀ sórí tábìlì: fọ́tòkópì ni gbogbo rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù kò tíì ṣí i rí. Ó ní àfi kí èèyàn dé àmfí, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, ní ìdájí kó tó ríbi jókòó, àti pé ẹnu ọ̀nà tí òun máa ń dúró sí, ohùn olùkọ́ kì í dé ibẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo lọ, bí mi ò lọ, bákan náà ni."

Mo bi í ní ìbéèrè mi. Ó ronú títí.

"Ìyá tó ń ta ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà ni. Mo jẹ wọ́n lówó."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Ó ti pinnu pé òun ò padà mọ́, torí nínú kírédì 30 (òǹkà tí wọ́n fi ń ka ẹ̀kọ́ téèyàn bá yege) ti sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, 18 ló rí gbà. Lójú tirẹ̀, ó ti fìdí rẹmi. Bẹ́ẹ̀, nínú ètò LMD (lísáǹsì, másítà, dọ́kítọ́rà) tí à ń lò ní yunifásítì, kírédì tí o bá ti gbà, tìrẹ ni. Ẹ̀kọ́ tó bọ́ nìkan lo máa tún ṣe. 180 ni gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè fún lísáǹsì, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, ó sì ti ní 18 lápò. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ẹni tó bá ní ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń mu gàrí ti gbọ́ ọ tipẹ́.

Ní 1975, Vincent Tinto, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Ó ní bí ọmọ ṣe wọ inú ẹ̀kọ́ àti bó ṣe wọ àárín àwọn èèyàn ibẹ̀ ló ń so ó mọ́lẹ̀. Okùn méjì nìyẹn. Ọmọ wa yìí, ọ̀kan ti ṣẹ́kù díẹ̀ kó já, èkejì ò tilẹ̀ sí.

Ibi tí èmi àti Tinto ti pínyà ni pé ó ní àfi kí ọmọ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ará ilé kó tó lè fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn ti ta ko ó lórí ìyẹn. Ìyàwó tó lọ ilé ọkọ, ṣé ó ti ilẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ pa ni? Àwọn tí mo rí tí wọ́n ń dúró, wọ́n ń wálé, wọ́n ń gbé gàrí padà. Àmọ́ ilé náà a máa fà jù: òkú ìlú wa kì í tán, ìyá a sì pe ọmọ wálé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò.

Owó ńkọ́? Owó ń lé ọmọ kúrò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́kọ́ lé ni ẹni tí kò rẹ́ni yá a ní fáránkì 2,000.

Nítorí náà, kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tó pé, wá ẹni mẹ́ta. Ẹ ṣe é bí àwọn bàbá wa ṣe ń ṣe àárò lóko: òní, ìwọ lo tètè dé àmfí láti gba àyè, ọ̀la, ẹlòmíràn ni, ẹ jọ tún ìwé náà kà ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò ní yẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ dín "Ṣé o yege?" kù lórí fóònù. Ẹ bi í pé, "Ta lẹ jọ ń kàwé?" Bó bá kálòlò, ẹ tètè gbéra.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ọjọ́ náà padà lọ. Lóṣù tó kọjá ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: ìyá onírẹsì ló mú un mọ ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ méjì mìíràn tí wọ́n jọ wà ní àmfí kan náà látọjọ́ yìí. Bóyá ó ti san gbèsè ìrẹsì, mi ò tíì bi í.