Kí ló dé tí ìsọ̀kalẹ̀ kì í san gbèsè ìgòkè tán? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí gígun kẹ̀kẹ́ létí odò àti láàárín òkè

Bí mo bá gun òkè, mo ṣáà máa sọ̀kalẹ̀ padà. Kí ló wá dé tó fi ń rẹ̀ mí, tí mo sì tún ń pẹ́ ju ìgbà tí mo bá gba ọ̀nà tó tẹ́jú?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi aago. Ká ní òkè kan wà tí ìgòkè rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 10, tí ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ náà sì jẹ́ kìlómítà 10. Ẹ fi eré kìlómítà 10 ní wákàtí kan gùn ún, ẹ wá fi eré 30 sọ̀kalẹ̀. Ìgòkè gba ìṣẹ́jú 60, ìsọ̀kalẹ̀ gba 20. Kìlómítà 20 ní ìṣẹ́jú 80 nìyẹn, ìyẹn eré 15 ní wákàtí kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti máa retí 20, torí pé òun ló wà láàárín 10 àti 30.

Ó dáa, ẹ ki orí bọ̀ ọ́, ẹ fi 60 sọ̀kalẹ̀. Ó ṣì lé díẹ̀ ní 17 péré. Kódà ká ní ẹ ṣẹ́jú lókè tí ẹ bá ara yín nísàlẹ̀, ẹ ò lè bá 20 mọ́, nítorí pé wákàtí kan gbáko tó yẹ kí ẹ fi rin kìlómítà 20 náà, ẹ ti ná an tán kí ẹ tó dé téńté òkè. Ibi tí ẹ ti ń rìn díẹ̀díẹ̀ ni àkókò yín ń lọ sí, ìsọ̀kalẹ̀ kì í pẹ́ tó láti dá a padà.

Ẹsẹ̀ náà ní ìṣirò tirẹ̀. Bí ẹ̀yin àti kẹ̀kẹ́ yín bá wọn kílò 80, eré 25 lójú ọ̀nà tó tẹ́jú tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ máa ń gba bíi wáàtì 100 lọ́wọ́ yín (wáàtì ni wọ́n fi ń wọn bí ẹsẹ̀ ṣe ń ná agbára tó). Tí ọ̀nà bá wá ń ga ní mítà 5 nínú mítà 100 kọ̀ọ̀kan, eré 15 lásán á gba bíi ìlọ́po méjì rẹ̀. Lóòótọ́, ẹ máa sinmi nígbà tí ẹ bá ń sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn fi wáàtì 200 ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó sì sinmi fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò rí bákan náà lára pẹ̀lú kó fi 100 ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Iṣan kì í pín in dọ́gba bí ìwé ìṣirò ṣe ń pín in.

Agbára tí ẹ sì fi gbé ara yín dé òkè ńkọ́? Afẹ́fẹ́ àti búréèkì ló máa ń jẹ ẹ́. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà afẹ́fẹ́ á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí rèé tí kẹ̀kẹ́ fi máa ń dé eré kan lórí ìsọ̀kalẹ̀ tí kò ní le sí i mọ́, bó ti wù kí ẹ pẹ́ níbẹ̀ tó.

Ṣé eré tí mo bá sọ̀kalẹ̀ wá kò lè gbé mi gun òkè tó kàn?

Ó lè gbé yín, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó máa gbé yín dé. Ká tiẹ̀ ní afẹ́fẹ́ àti táyà ò gba nǹkan kan nínú rẹ̀, eré kìlómítà 45 ní wákàtí kan á gbé yín ga ní bíi mítà 8. Eré 36 á gbé yín ga ní mítà 5. Gíga tó dúró ṣánṣán ni mò ń wí o, kì í ṣe gígùn ọ̀nà. Nítorí náà, gegele tí kò ju mítà 4 tàbí 5 lọ, ẹ máa fò ó kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Òkè tó ga tó mítà 30, eré yẹn á gbé yín díẹ̀ nínú rẹ̀, á sì já yín sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìsàlẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù eré yìí. Ẹ wo ọ̀nà àárín òkè dáadáa: omi kékeré kan ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ kòtò náà, afárá tóóró á wà lórí rẹ̀, ọ̀nà á sì yà díẹ̀ kó tó gun afárá ọ̀hún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ búréèkì, tí gbogbo ohun tí wọ́n kó jọ látòkè á sì di ooru lára irin. Bí ojú ọ̀nà bá mọ́ tí ẹ sì rí i pé kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, ẹ dín eré kù díẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ ṣàn kọjá lórí afárá, kí ẹ sì ti máa fi ẹsẹ̀ yí i kí eré tó bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Gíà náà, ẹ máa yí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí ṣéènì ṣì fúyẹ́. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ há kó tó yí i á gbọ́ bí ṣéènì ṣe ń han gooro, ó sì lè já bọ́ lórí eyín rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè wo máàpù kí n mọ̀ pé ọ̀nà kan máa tẹ́jú tàbí pé á máa gòkè sọ̀kalẹ̀?

Ẹ má wo òkè, odò ni kí ẹ wò. Ọ̀nà tó bá ń bá odò lọ sábà máa ń tẹ́jú, torí pé odò ti gé ilẹ̀ fún un. Ọ̀nà tó bá ń dá odò kọjá, tó tún dá òmíràn kọjá, tó tún dá ẹ̀kẹta kọjá, òun ló máa fi ojú yín rí màbo, torí pé odò kọ̀ọ̀kan jẹ́ kòtò kan, òkè kan sì wà láàárín kòtò méjì. Ilẹ̀ kan náà, òkè kan náà, ìhà tí ọ̀nà kọjú sí nìkan ló yàtọ̀. Ọ̀nà tó bá wà lórí ògóńgó ilẹ̀, láàárín odò méjì tó ń ṣàn lọ sí ìhà kan náà, lè rọrùn bí ti etí odò pàápàá, bí ẹ bá ṣáà ti gòkè débẹ̀ tán.

Ẹ̀rí tó dáa jù tí mo mọ̀ ni ìdíje kẹ̀kẹ́ Liège–Bastogne–Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1892. Ibi tó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn jẹ́ mítà 694 péré. Síbẹ̀, láàárín nǹkan bíi kìlómítà 250, àwọn tó ń díje máa ń gun òkè tí àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mítà 4,000. Kò sí òkè ńlá kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ gíga tó tẹ́jú ni Ardennes, àgbègbè tí ìdíje náà ń gbà kọjá, àwọn odò bíi Ourthe àti Amblève ló gé e jìn, ọ̀nà ìdíje sì ń sọ̀kalẹ̀ sínú àfonífojì wọn, ó ń jáde, ó tún ń wọlé.

Odò ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Bí mo bá bá a lọ, ṣé mi ò ní máa yọ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni?

Ó wù wá kó rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà etí odò Danube láti Passau ní Jámánì dé Vienna ní Austria gbajúmọ̀ gan-an. Láàárín ìlú méjèèjì, odò náà fi bíi kìlómítà 300 sọ̀kalẹ̀ ní bíi mítà 130. Kò tó ìdajì mítà nínú kìlómítà kan. Ohun tí ìyẹn fi ń ti kẹ̀kẹ́ yín síwájú kò ju bí ìdá mẹ́wàá ohun tí táyà fi ń fà á sẹ́yìn lọ. Ẹsẹ̀ yín ò ní mọ̀ pé ó wà.

Afẹ́fẹ́ lẹsẹ̀ máa mọ̀. Létí odò Loire ní Faransé, ọ̀pọ̀ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìhà òkun, tí wọ́n á máa lọ sókè odò, òdìkejì ibi tí omi ń ṣàn sí, nítorí pé láti ìhà Òkun Àtìláńtíìkì ni afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá. Àfonífojì sì tún máa ń darí afẹ́fẹ́ gba inú ara rẹ̀. Ẹ wo odò Rhône: ní gúúsù Faransé, afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní mistral máa ń ti àríwá bá odò sọ̀kalẹ̀ lọ sí òkun. Lókè odò kan náà, ní Valais ní Switzerland, tí oòrùn bá mú lọ́sàn-án, ẹ̀gbẹ́ òkè á gbóná, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á gòkè, ti ìsàlẹ̀ àfonífojì á sì máa rọ́ wá gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá ń bá odò sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ lọ́sàn-án á rò pé òkè lòun ń gùn. Kó yáa tètè gbéra láàárọ̀.

Wọ́n ní ọ̀nà etí odò ni, síbẹ̀ mo bá òkè lójú ọ̀nà.

Níbi tí àpáta bá ti há odò mọ́ra, ààyè tó ṣẹ́ kù létí omi kì í pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé ojú irin àti títì ńlá ti gbà á. Wọ́n á wá gbé ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gba òkè.

Ẹ̀rọ orí kẹ̀kẹ́ mi ní mo gun mítà 400, ti ọ̀rẹ́ mi ní 620. Ọ̀nà kan náà la sì gbà. Ta ló ń purọ́?

Ó lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Ẹ̀rọ kan ń fi bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo mọ gíga. Bí ojú ọjọ́ bá yí padà, tàbí tí omi òjò dí ihò kékeré ara rẹ̀, ó ti ṣìnà nìyẹn. Òmíràn ń wo gíga ilẹ̀ lórí máàpù, èyí sì máa ń ṣe kọ̀ǹgbà létí odò gan-an. Bí ọ̀nà bá gba abẹ́ àpáta, ó lè ka gíga orí àpáta mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá gba orí afárá gíga, ó lè kà á pé ẹ wọ inú odò lọ ẹ sì gun òdìkejì jáde. Ẹ fi ẹ̀rọ yín wé ara rẹ̀, ẹ má fi wé ti ẹlòmíì.

Èwo wá ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ gbà?

Etí odò, àmọ́ kó má rò pé ìsinmi ni. Níbi tó tẹ́jú, ẹ ò ní dìde lórí àga, ẹsẹ̀ ò sì ní dúró, ìdí àti àtẹ́lẹwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í dunni kí itan tó rẹ̀. Ẹ fi ara yín dìde lóòrèkóòrè bí kò tiẹ̀ sí òkè. Ní tèmi, kí ẹ jáde lòdì sí afẹ́fẹ́ létí odò nígbà tí ara ṣì le, kí ẹ wá gba orí òkè padà, kí afẹ́fẹ́ máa ti yín lẹ́yìn.