Bí Ìtẹ̀ka Ṣe Wọ Ibi Iṣẹ́

Ní ilé iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Ìlọrin, ìyá kan wà tó ń gbálẹ̀, Ìyá Rìsí là ń pè é. Bó bá ti ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́jọ lù, ẹ ó bá a níwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀ka ara ògiri. Á nu àtàǹpàkò mọ́ ìró, á fi ra irun kó lè rí òróró díẹ̀, á tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ á ké, iná pupa á tàn. Omi ọṣẹ àti oògùn ìfọlé ti jẹ ìlà ọwọ́ rẹ̀ tán. Akọ̀wé á ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka mìíràn tẹ̀ ẹ́." Kí èyí tí yóò gbà tó gbà, aago mẹ́jọ ti kọjá, ẹ̀rọ ti kọ ọ́ pé ó pẹ́. Tí oṣù bá parí, wọ́n á gé nínú owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló jẹ́ kí n wá ìdí ẹ̀. Mo ti rò pé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ni ìtẹ̀ka ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ni o! Lọ́dún 1858, ní Jangipur nílẹ̀ Bengal ní Íńdíà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rajyadhar Konai gba iṣẹ́ láti kó ohun èlò ọ̀nà wá fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. William Herschel, òyìnbó tó gbé iṣẹ́ fún un, ní kó ti ọwọ́ bọ tàdáwà, kó tẹ gbogbo àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn ìwé àdéhùn. Herschel kò tíì mọ nǹkan kan nípa ìlà ọwọ́ nígbà yẹn. Ẹ̀rù ló fẹ́ fi bà á, kó má baà sẹ́ ọ̀rọ̀ lọ́la. Ní 1877, Herschel yìí kan náà ní kí àwọn tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì máa tẹ̀ka, kí ẹlòmíràn má baà máa gba owó òkú.

Azizul Haque àti Hem Chandra Bose, ọmọ Íńdíà méjì, ló ṣe wàhálà bí wọn yóò ṣe to ìtẹ̀ka tó fi ṣeé wá. Edward Henry ni ọ̀gá wọn. Orúkọ Henry ni ayé fi ń pe ọ̀nà náà títí dòní. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí kò ní béèrè ìdí.

Aago tiẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 1888, Willard Bundy, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ ní ìpínlẹ̀ New York, ṣe aago tó ń tẹ àkókò sórí bébà. Kọ́kọ́rọ́ ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń ṣí i, nọ́ńbà sì wà lára rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde ló bá àwọn mìíràn dàpọ̀ ní 1911, tó di IBM ní 1924. Àmọ́ kọ́kọ́rọ́ ṣeé fún ọ̀rẹ́. Ìka kò ṣeé fún un. Bí aago àti ìka ṣe pàdé nìyẹn.

Ní tiwa, owó oṣù ló gbé e dé. Àwọn tí wọn kò sí láyé wà nínú ìwé owó oṣù, ìjọba àpapọ̀ wá gbé IPPIS, ètò ìsanwó oṣù tó ń fi ìka dá òṣìṣẹ́ mọ̀, kalẹ̀ ní 2007. BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ àwọn oníbàárà báńkì, tẹ̀ lé e ní 2014. Láti ìgbà náà, ìtẹ̀ka ti di ohun tí ẹnikẹ́ni lè ní ká ṣe láìsọ ìdí, títí dé ilé ìwé aládàáni.

Òfin ló pẹ́ dé. Ìwé òfin 1999, abala 37, dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ìka. Ìlànà kan lórí ọ̀rọ̀ yìí dé ní 2019, kí Ààrẹ Tinubu tó fọwọ́ sí Òfin Ìdáàbòbò Dátà ní oṣù kẹfà 2023. (Dátà yìí kọ́ lèyí tí à ń rà sórí fóònù o, àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn ni.) Òfin náà ka ìtẹ̀ka tí a fi ń dá ènìyàn mọ̀ sí ohun ẹlẹgẹ́. Wọn kò gbọdọ̀ tọ́jú ẹ̀ ju bí iṣẹ́ bá ṣe nílò rẹ̀ lọ. Ní ti iléeṣẹ́ ńlá tó bá rú u, ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 10 náírà tàbí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá, èyí tó bá pọ̀ jù níbẹ̀. Ti gígé owó sì ti wà nínú Òfin Òṣìṣẹ́ tipẹ́: abala 5 kò gbà kí ọ̀gá gé owó iṣẹ́ alágbàṣe bí ìtanràn. Ìyá Rìsí kò mọ̀. Èmi náà kò mọ̀ nígbà náà.

Àwọn ará Illinois ní Amẹ́ríkà ti ṣòfin tiwọn láti 2008. Pay By Touch, iléeṣẹ́ tó ń fi ìka àwọn oníbàárà gba owó, ti wọ gbèsè, àwọn ènìyàn wá ń béèrè pé ta ni yóò jogún ìka àwọn.

Èmi rí ti wa. Ilé iṣẹ́ tí mo wí kógbá sílé lẹ́yìn tí mo kúrò. Lọ́jọ́ kan mo gbé fóònù lọ fún ọkùnrin kan tó ń tún un ṣe ní àdúgbò Challenge, mo bá ẹ̀rọ ìtẹ̀ka náà lórí tábìlì rẹ̀, ó ní wọ́n tà á fún òun gẹ́gẹ́ bí pàǹtí. Ó ti iná bọ̀ ọ́. Ó tẹ bọ́tìnnì méjì, orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lójú gíláàsì kékeré yẹn. Mo rí tèmi. Ti Ìyá Rìsí wà nísàlẹ̀, ìka mẹ́rin ni wọ́n gbà sílẹ̀ fún un.