Kẹ́ẹ̀gì omi mélòó ni yóò kún táǹkì yìí? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ kíláàsì karùn-ún kan ń lọ láti fóònù dé fóònù láàárín àwa òbí n'Ibàdàn. Táǹkì kan gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 1.5, ó ga ní mítà 1. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mélòó ni yóò kún un? Àwọn kan ní lítà 3 péré ló gbà, àwọn mìíràn ní kẹ́ẹ̀gì 12.

Èwo ni ká mú?
Kò sí ìkankan níbẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì 120 ni.

Báwo ló ṣe jẹ́?
2 lọ́nà 1.5 lọ́nà 1 jẹ́ 3. Àmọ́ 3 yìí kì í ṣe lítà. Àpótí tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga la kà, lítà 1,000 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ pín 3,000 sí ọ̀nà 25.

Ṣebí sẹ̀ǹtímítà 100 ló wà nínú mítà kan? Ibo ni 1,000 ti wá?
Ibí ni àwọn tó ní 12 ti ṣìnà, ó sì dùn mí, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń pàdánù máàkì síbẹ̀. Okùn tí a nà ni 100 yẹn wà fún. Páálí tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga ló ń gba lítà kan géérégé. Ẹ to irú rẹ̀ sínú àpótí mítà kan: 10 ní ìlà kan, ìlà 10 ló bo ìsàlẹ̀, ó di 100. Àwọn tó ní 12 á dúró níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ nìkan la tíì bò! Ó ku ká tò ó dé òkè ní ìpele 10. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ṣúgà oníhóró tò ó fọ́mọ lórí tábìlì; ojú rẹ̀ á là.

Ìwé wọn ń pe volume, ó tún ń pe capacity. Ṣé ọ̀kan náà ni?
Rárá. Volume ni àyè tí nǹkan gbà, capacity ni ohun tí inú rẹ̀ lè gbà. Ẹ wo odó: ó gba àyè púpọ̀ nílé ìdáná, àmọ́ iṣu tó wọ inú rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, torí igi rẹ̀ nípọn.

Ṣé ọmọ lè fi kóńgò ọjà Bódìjà ro bí lítà kan ṣe tó?
Kó má dán an wò. Omi inú ọ̀rá tí wọ́n kọ 50cl sí lára ni kó fi ro ó: méjì rẹ̀ ni lítà kan.

Kí ni kó máa kọ́kọ́ ṣe nínú ìdánwò?
Kó sọ gbogbo ìwọ̀n di sẹ̀ǹtímítà tàbí mítà, kó má pa wọ́n pọ̀. Tó bá fi sẹ̀ǹtímítà ṣe é, kó pín èsì rẹ̀ sí ọ̀nà 1,000, lítà ló máa jáde.

Ṣé ewu kan wà níbẹ̀?
Ó wà. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó kún á tó kílò 25. Ẹ má gbé e ru ọmọ kíláàsì karùn-ún. Táǹkì inú ìṣirò yìí, tó bá kún, tọ́ọ̀nù 3 ni. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ sórí ilé, kó kọ́kọ́ pe ẹnjiníà wá wò ó.